Ọwọ́ Òsì Àwáwù

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo wí!"

Pàṣán bà á lẹ́yìn ọwọ́. Kò tíì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn tí èkejì tún fi bà á lójú ibẹ̀ gan-an, awọ sì bó. Àwáwù ké, ó ki ọwọ́ bọ abíyá. Àwọn ọmọ yòókù kò yíjú wò ó. Tíṣà Ismaheel ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá yíjú yóò jẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tó kù, ẹ rẹ́rìn-ín," ni ó wí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn sì ti lẹ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lẹ́yìn. "Mo ní kí ẹ rẹ́rìn-ín! Àwọn àlejò ò gbọdọ̀ rí ìbẹ̀rù kankan lójú yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan wà lára wọn tó ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń ṣàn wọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí òun ló jẹ pàṣán ṣáájú Àwáwù. Tíṣà wò wọ́n yíká, ó ní kí wọ́n tún un rín, pé ẹ̀rín yẹn kò tíì dénú.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rín bí ẹni kọ́ ìṣirò kò ṣòro láti sọ. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè kan ní Òkè-Ògùn fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílùú Ṣakí fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Wọ́n ti kọ àkọlé rẹ̀ gàdàgbà sára aṣọ tí wọn yóò ta sẹ́nu ọ̀nà: KÍKỌ́ ÈDÈ LÁÌLO PÀṢÁN. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí ó bá sọ̀rọ̀ tán, tíṣà kan yóò kọ́ àwọn ọmọ gidi ní iṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn olùkọ́ lè fojú ara wọn rí bí ọmọ ṣe ń gbádùn èdè rẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó ń nà án. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó wà ní Búdó Àríyọ̀, abúlé kan lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ni wọ́n mú. Wọ́n ní bí ọmọ àgbẹ̀ inú igbó bá lè la ẹnu láìbẹ̀rù, ọmọ ta ni kò ní lè là á?

Ṣùgbọ́n kíláàsì tí àlejò ń wò ní òfin tirẹ̀. Bí tíṣà bá bèèrè ọ̀rọ̀, tí ọwọ́ méjì péré yọ sókè, ìtìjú ni. Nítorí náà, ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ẹni tó ti jókòó sí kíláàsì rí lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá mọ̀ dáadáa: gbogbo ọmọ ni yóò nawọ́. Ẹni tó mọ ìdáhùn á na ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á na òsì. Igbó ọwọ́ ni àlejò á máa rí, tíṣà á sì máa fọgbọ́n pe àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó hùmọ̀ èyí kò rántí pé Ọlọ́run dá àwọn kan ní ọlọ́wọ́ òsì.

Àwáwù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń fa omi nínú kànga, òun náà ló fi ń ju òkò lé ẹyẹ nínú oko bàbà baba rẹ̀. Òun ló sì mọ̀wé jù ní kíláàsì náà. Bí ìdáhùn bá ti sọ sí i lọ́kàn báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á ti fò sókè kó tó ronú. Tíṣà á rí òsì, á fò ó, á pe ẹlòmíràn tó ṣi ọ̀tún nà, ìyẹn á dìde, á sì máa wo òrùlé bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lá Fátókun, alága ẹgbẹ́ náà, tí gbogbo tíṣà ń pè ní Màdáàmù, wá wo bí wọ́n ṣe ń gbára dì. Obìnrin arẹwà ni, ohùn rẹ̀ tutù, ìwé rẹ̀ sì pọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì títí Ismaheel fi parí, ó wá fi ìka pè é.

"Ọmọbìnrin tó wà létí fèrèsé yẹn ńkọ́?"

"Àwáwù ni, mà. Òun ló mọ̀wé jù, mà."

"Ó mọ̀wé, àmọ́ ọwọ́ òsì ló ń nà sí mi lójú látàárọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Màdáàmù, òun nìkan ló lè ka ìwé náà já geere, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kò sí kíláàsì mọ́."

Màdáàmù tún wo ọ̀dọ̀ fèrèsé. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí ọwọ́ yẹn nígbà náà. Àgbàlagbà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò lè wá láti Ìbàdàn kí ọmọ kékeré máa na òsì sí i."

"Mo ti nà án, mà," ni Ismaheel wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n ṣì máa nà án? Mo rí ohun tí a kọ sára aṣọ ni."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, Ọjọ́bọ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Òní kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣe é kó yanjú, mi ò sì fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣe é."

Àwáwù jókòó síbẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ismaheel kì í ṣe ìkà èèyàn látilẹ̀wá. Àwọn òbí ló gbà á síṣẹ́, ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Màdáàmù sì ti ṣèlérí pé bí Ọjọ́bọ̀ bá lọ dáadáa, òun yóò bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ òun ti ń wọlé, kí ìjọba lè gbà á síṣẹ́. Kí ó lè di tíṣà gidi, ó ti múra tán láti fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe àtẹ̀gùn. Mi ò ní bá a wá àwáwí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, ọwọ́ Àwáwù ti wú, àwọn ìka rẹ̀ ti le, síbẹ̀ ó ń fò sókè. Ismaheel nà án títí pàṣán fi ṣẹ́. Ó wọ́ ọ dé iwájú, ó gbé ọwọ́ náà lé tábìlì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rúlà onírin lù ú lọ́rùn ọwọ́ títí ọmọ náà fi tọ̀ sára. Nígbà tó bèèrè ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì tún gbọ̀n sókè díẹ̀ bó ti wú tó un. Orí Ismaheel gbóná. Ó jáde sídìí ọ̀kadà rẹ̀, ó tú rọ́bà tó gé lára tíúbù, èyí tó fi ń di ẹrù, ó lọ́ ọ yí ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ká, ó sì fà á títí kò fi lọ mọ́. Ó wá so ó mọ́ ọn níbàdí pinpin.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un délé. Ìyá Àwáwù wà nídìí iná, ó ń se òrí.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tí ẹ so ọmọ mi bí ẹran iléyá?"

"Ọwọ́ òsì yẹn ni, Ìyá Àwáwù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u títí a ó fi ti Ṣakí dé. Bí ẹ bá tú u pẹ́nrẹ́n, gbogbo làálàá mi já sásán."

Ìyá Àwáwù wo ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọwọ́ yìí jà. Wọ́n ti fi ata pa á, ìyá àgbà ti fi àkísà wé e, ááfà sì ti sọ fún wọn pé Ṣàìtánì ló ń fi òsì jẹun. Ọkọ wo ni yóò gba oúnjẹ lọ́wọ́ òsì ìyàwó? Èyí ló ń bà á lẹ́rù. Ìfẹ́ ló mú un sọ ohun tó sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kó burú.

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san, Tíṣà. Ẹ bá mi lé e jáde lára rẹ̀."

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ọmọ náà ní, "Ìyá mi, ó ń dùn mí. Ó ń ta mí bí iná."

"Fara dà á. Ọ̀la náà ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, rọ́bà ti rọ̀ díẹ̀ nítorí ọmọ náà ti fi í ha ògiri. Ìyá Àwáwù ló tún un so. Ó fi eékún ti ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà á le ju ti tíṣà lọ, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́," ni Àwáwù wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Inú ìyá rẹ̀ dùn. Ó gbé híjáàbù funfun tó fọ̀ sílẹ̀ wọ̀ ọ́. Híjáàbù náà gùn dé orúnkún, ó sì bo ohun gbogbo.

Gbọ̀ngàn náà kún ní Ṣakí. Àwọn olùkọ́ ti wá láti Ìsẹ́yìn, Adó-Àwáyè àti Àgọ́-Àmọ̀dù, wọ́n so báàjì mọ́ àyà. Màdáàmù gba gbohùngbohùn. "Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwa ní, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra láìtilẹ̀ nà án rárá!" Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Kíláàsì àfihàn náà lọ bí omi. Ismaheel bèèrè, igbó ọwọ́ yọ, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n rín in. Nígbà tó kan Àwáwù, ọ̀tún ló nà. Ó dìde, ó ka ìtàn iná tó jó igbó lásìkò ọyẹ́, ó túmọ̀ rẹ̀, ó tún fi tirẹ̀ kún un: ó ní ẹran tó bá ní ọmọ nínú ihò kì í tètè sá. Gbogbo gbọ̀ngàn ké háà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, baba arúgbó tí ó ti hewú, dìde tòun ti ìwé tuntun kan lọ́wọ́.

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

"Àwáwù, sà."

"Àwáwù, ìwé yìí di tìrẹ. Irú rẹ la fẹ́."

Àwáwù kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, òun nìkan, ó gbá ìwé náà mú. Àwọn èèyàn kùn. Ọmọ wo ló ń fi ọwọ́ kan gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ irú àgbà báyìí?

"Àwáwù," ni Màdáàmù wí nínú gbohùngbohùn, ẹ̀rín kò sì kúrò lójú rẹ̀, "ọwọ́ méjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà."

Ọmọ náà wo Ismaheel. Ismaheel wolẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ojú ló ń tì í."

Ṣùgbọ́n Màdáàmù kò lè jẹ́ kí àṣìṣe kékeré ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó gbé etí híjáàbù sókè, ó sì mú ọwọ́ tó fara pamọ́ náà láti fà á jáde.

Ó tutù. Ó dúdú, ó wú, ó ń dán bí iṣu tó ti rà nínú ebè, àwọn ìka rẹ̀ sì ti ká kò. Níbi tí rọ́bà wà, ẹran ti bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn kan jáde tí àwọn ará ìlà iwájú fi bo imú. Màdáàmù jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì kígbe.

"Màdáàmù, ẹ má bínú," ni Àwáwù ń wí. "Mi ò nà án sókè rárá lónìí."

Ọkọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gbé e lọ sílé-ìwòsàn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tú. Màdáàmù ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọmọ náà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n sì pín ìwé-ẹ̀rí.

Dókítà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ọwọ́ náà ti kú, pé bí wọn kò bá gé e, yóò mú ọmọ náà lọ. Wọ́n gé e lókè ọrùn ọwọ́. Ìyá Àwáwù fi orí lu ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun lòun so ó lẹ́ẹ̀kejì, pé kí wọ́n wá gé ti òun náà.

Mọ́nsúrù, baba Àwáwù, gbọ́ lóko. Àgbẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí ní Búdó Àríyọ̀. Ó mú kùmọ̀, ó sì bá Ismaheel nílé níbi tó ti ń di ẹrù. Ó fi kùmọ̀ gbá a lẹ́sẹ̀, ìyẹn ṣubú. Ó tẹ̀ ẹ́ láyà mọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ wo lo fi so ó?"

Ismaheel ń sunkún, ó ń pe Màdáàmù, ó ń pe Ọlọ́run.

"Mo ní ọwọ́ wo?"

Nígbà tí kò rí èsì, Mọ́nsúrù lu méjèèjì. Ó ń lù wọ́n lórí àpáta ẹnu ọ̀nà bí ẹni fọ́ èkùrọ́, egungun ń ró, àwọn ará abúlé sì dúró, wọn kò dá a dúró. Obìnrin kan tó ní ọmọ ní kíláàsì yẹn tilẹ̀ wá fi òkúta kún un. Ìgbà tí kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló tó dẹwọ́.

Àwọn ọlọ́pàá kò bèèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá Mọ́nsúrù lẹ́nu, eyín rẹ̀ kán, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì gun orí rẹ̀ jókòó. Ní ọjọ́ kejì, ohùn tútù kan jáde lórí rédíò. Màdáàmù ní ẹgbẹ́ àwọn kórìíra ìwà ìkà, pé ọkùnrin tó ṣe é kì í tilẹ̀ ṣe olùkọ́ tí ìjọba mọ̀.

Ó wá sílé-ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Samsudeen, dẹ́rẹ́bà rẹ̀, gbé páálí mílíìkì àti bisikíìtì tẹ̀ lé e. Àwáwù jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi bándéèjì wé ibi tí apá òsì rẹ̀ parí sí. Ìyá rẹ̀ kò kí Màdáàmù.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ọwọ́ ọmọ mi," ni ó wí. "Àwáwù gbọ́ ọ. Ó wà níbẹ̀."

"Mo ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò ní kí wọ́n so ó." Màdáàmù kò gbé ohùn sókè. "Ta ló so ó kẹ́yìn, Ìyá Àwáwù? Gbogbo ilé-ìwòsàn yìí ló gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ìyá Àwáwù fò dìde. Ó gbá a létí, ó tún gbá a, ó já gèlè lórí rẹ̀, ó sì fi èékánná ya á lọ́rùn. Samsudeen gbé e ṣánlẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó sì ń lù ú ní ẹ̀ṣẹ́ níhà. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé. Àwáwù ń ké pé kí wọ́n má pa ìyá òun.

"Ó tó," ni Màdáàmù wí. Ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Ìyá Àwáwù, ọ̀gá ọlọ́pàá bi mí lánàá bóyá kí wọ́n gbé ọkọ yín lọ sílé-ẹjọ́, torí Ismaheel kò ní lè fi ọwọ́ jẹun mọ́ láyé rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró ná. Ṣé kí n pè é báyìí pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ?"

Ìyá Àwáwù wo fóònù tó wà lọ́wọ́ Màdáàmù. Oko bàbà ti gbó, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, ọkọ wà látìmọ́lé, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fa ara rẹ̀ dìde lórí ilẹ̀ tí wọ́n lù ú sí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Inú ló bí mi. Ẹ ṣàánú wa, mà."

"Mo ti gbọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀tá yín kọ́ ni mí. Ohun tí mo gbé wá fún ọmọ wà nínú páálí yẹn."

"Àwáwù," ni ìyá rẹ̀ wí láìgbójú sókè, "sọ̀ kalẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù."

Àwáwù sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. "Ẹ ṣé, mà," ni ó wí.

Àánú ṣe Màdáàmù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ láti fa ọmọ náà dìde, bándéèjì ló sì dì mú. Àwáwù ké. Màdáàmù jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá, ó nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì yí padà.

"Ṣé òní ni wọ́n á tú baba rẹ̀ sílẹ̀, mà?" ni Ìyá Àwáwù bi í.

"A máa wò ó," ni Màdáàmù dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.